Kí A Tó Dárúkọ Ẹ̀rọ, Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Ilé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ooru Inú Ilé Àtijọ́

Ìgbà ọ̀gìnnìtìn tún ti wọlé dé. Ewé ti wọ́ tán lórí igi, ilẹ̀ ń ṣú kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, èémí wa sì ń rú bí èéfín bí a bá jáde lówùúrọ̀. Ní irú àkókò yìí, ọ̀rọ̀ ooru inú ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì mọ́. Ọwọ́ tí òtútù bá ti mú gan kò ṣeé fi kọ̀wé, ọmọ tí ó bá sì ń sùn nínú yàrá tó tutù tó sì rin kò ní yé wúkọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ohun tí a bá bá nínú yàrá tí a gbà ni a ń lò. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ra ilé láàárín wa ń pọ̀ sí i: àwọn tó ti parí ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì ti rí iṣẹ́, àti àwọn tọkọtaya tí ọ̀kan ń kàwé tí èkejì ń ṣiṣẹ́. Ilé tí apá wọn máa ń ká kì í ṣe ilé tuntun. Ilé kékeré àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n kọ́ mọ́ ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópó dé òpin rẹ̀, yàrá méjì nísàlẹ̀, yàrá méjì lókè. Irú wọn ló kún Leeds, Manchester àti Liverpool, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti wà kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914.

Lẹ́tà kan dé ọwọ́ wa láti ọ̀dọ̀ tọkọtaya kan nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ra irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Leeds. Baálé ń kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lọ́wọ́, ilé ló sì ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń ṣiṣẹ́ òru, tí ó ń sùn lọ́sàn-án. Ọmọ wọn kò tí ì pé ọdún kan. Bọ́ílà gáàsì tí wọ́n bá nínú ilé náà wà lẹ́yìn ibi ìdáná ní pálọ̀, ó sì ti tó nǹkan bí ogójì ọdún. Oníṣẹ́ gáàsì tó wá yẹ̀ ẹ́ wò ti pa á, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tàn án mọ́. Olùtajà kan wá, ó ní kí wọ́n ra rédíétọ̀ oníná mànàmáná márùn-ún, pé kò sí ohun tó ń ṣòfò lára wọn. Ẹnì kan ní kí wọ́n ra bọ́ílà gáàsì tuntun. Ẹlòmíràn ní heat pump ni ayé ń lọ. Wọ́n wá ń béèrè pé: èwo ni kí àwọn mú, níwọ̀n ìgbà tí owó tó wà lọ́wọ́ kò ní jẹ́ kí àwọn ṣe é lẹ́ẹ̀mejì?

Ìbéèrè yìí kan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí náà ni a ṣe gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn láti dáhùn rẹ̀ ní gbangba.

ILÉ LÀ Ń WÒ KÍ A TÓ SỌMỌ LÓRÚKỌ

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju òwe àwọn àgbà yìí lọ. Bí ilé kò bá lè di ooru mú, ẹ̀rọ tó wù kí a gbé sínú rẹ̀, ńṣe ni a ń pọn omi sínú ajẹ̀rẹ̀. 

Nílé lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ti wọ ilé alámọ̀ rí lọ́sàn-án gangan mọ bí inú rẹ̀ ṣe máa ń tutù. Ògiri tó nípọn ló ń lé ooru oòrùn sẹ́yìn. Iṣẹ́ kan náà ni a fẹ́ kí ògiri ṣe fún wa níhìn-ín, àfi pé a ti yí i padà: ooru inú ilé ni a kò fẹ́ kó jáde. Ògiri bíríkì àtijọ́ kò sì mọ iṣẹ́ yìí ṣe dáadáa. Ẹ bọ́ síta kí ẹ wo bí wọ́n ṣe to bíríkì ilé yín. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀gbẹ́ gígùn bíríkì nìkan ló kọjú síta, ó ṣeé ṣe kí ògiri náà jẹ́ alápá méjì tí àlàfo wà láàárín, èyí tí a lè fi òwú dí. Ṣùgbọ́n bí gígùn àti kúkúrú bá ń tẹ̀lé ara wọn, ògiri tí kò ní àlàfo ni. Nínípọn rẹ̀ kò sábà ju ínṣì mẹ́sàn-án lọ. Nínú ilé tí a kò fi ohunkóhun dáàbò bò, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ooru ló ń gba ara ògiri jáde, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sì ń gba òrùlé lọ.

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ilé tó wà láàárín àwọn mìíràn ní oríire kan: iwájú àti ẹ̀yìn nìkan ni òtútù ti lè bá a jà. Aládùúgbò ọ̀tún àti ti òsì ń bá a móoru, wọn kò sì gba kọ́bọ̀.

Ibi tí owó díẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ni òrùlé. Ẹ gun orí àjà lọ wò ó. Òwú tí a ń tẹ́ síbẹ̀ yẹ kó nípọn tó 270 mílímítà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, èyí tí ẹ ó bá níbẹ̀ kò ní tó ìdajì ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé: abẹ́ ilẹ̀kùn, etí fèrèsé, ihò lẹ́tà, àárín pákó ilẹ̀. Kọ́tìnì tó nípọn tó sì gùn délẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Àwọn ihò kéékèèké tó wà lẹ́sẹ̀ ògiri níta, ẹ má dí wọn. Àwọn ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé abẹ́ pákó ilẹ̀. Ẹni tó bá dí wọn nítorí òtútù, pákó ilé rẹ̀ ni yóò jẹrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ dí ihò èéfín tí bọ́ílà tàbí iná kan ṣì ń lò.

BÍ IBI ÌDÁNÁ ṢE DI ÀWÒRÁN

Ó yẹ kí a mọ̀ pé nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn ilé yìí, èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n ń dá nínú yàrá. Ìdí nìyí tí ihò èéfín fi pọ̀ lórí òrùlé wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú dàpọ̀ mọ́ kùrukùru ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956. Láti 1967 sí 1977, wọ́n yí ilé lẹ́yìn ilé kúrò lórí gáàsì tí wọ́n ń fi èédú ṣe, wọ́n sì gbé wọn sórí gáàsì tó ti abẹ́ òkun wá. Ní 2023, títa èédú àtijọ́ fún ìdáná inú ilé dópin pátápátá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ibi ìdáná tó wà ní pálọ̀ yín máa ṣe ọ̀ṣọ́.

Àwọn tó ṣáájú wa dé ìlú yìí ní ọdún 1950 sí 1970 mọ ẹ̀rọ mìíràn, èyíinì ni ẹ̀rọ kẹrosíìnì tí a ń gbé káàkiri yàrá. Yàrá kan ṣoṣo ni odidi ìdílé sábà máa ń gbà, òun sì ni apá wọn ká. Òórùn rẹ̀ ń bá wọn dé kíláàsì lára ẹ̀wù. Bí a bá jó lítà kẹrosíìnì kan, omi tó tó nǹkan bíi lítà kan ló ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Omi yìí ló ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé àti ògiri tó tutù, tí ògiri á fi bu, tí nǹkan dúdú dúdú á máa hù lára rẹ̀. Ẹ̀rọ gáàsì oníṣágo tí àwọn kan ṣì ń tì kiri inú yàrá ń ṣe bákan náà. Ẹ má rà á.

Ó ku ọ̀nà mẹ́rin tó ṣe pàtàkì: rédíétọ̀ oníná mànàmáná, storage heater, bọ́ílà gáàsì, àti heat pump.

ÀWỌN MẸ́RẸ̀Ẹ̀RIN

Òtítọ́ ni olùtajà rédíétọ̀ oníná sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Gbogbo iná tó wọ inú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló ń di ooru lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ £40 tí wọ́n ń tà lọ́jà. Yúníìtì iná kan yóò fún yín ní yúníìtì ooru kan ṣoṣo, ẹ̀ báà ra èyí tó jẹ́ £40, ẹ̀ báà ra èyí tó jẹ́ £700. Ohun tí kò sọ ni iye tí yúníìtì iná náà jẹ́.

Storage heater ní bíríkì nínú. Iná òru tó rọjú ló ń mú bíríkì náà gbóná, tí yóò fi máa tú ooru rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án. Láti 1978 ni ètò Economy 7, tó ń fún ni ní wákàtí méje iná òru olówó pọ́ọ́kú, ti wà. Ó dára fún ilé tí kò ní gáàsì. Àléébù rẹ̀ ni pé ooru rẹ̀ lè tán kí alẹ́ tó lẹ́, iná ọ̀sán sì máa ń wọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ lórí ètò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé lọ́sàn-án, tó ń dáná lọ́sàn-án, tó ń fọ aṣọ ọmọ lọ́sàn-án, kó rò ó wò dáadáa.

Bọ́ílà gáàsì ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò. Láti 2005, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ní kí bọ́ílà tuntun jẹ́ irú èyí tó ń gba ooru inú èéfín rẹ̀ padà kó tó jáde síta. Àṣírí kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í sọ: kò lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa bí omi tó ń rán lọ sí rédíétọ̀ bá gbóná jù. Ẹ fi í sí 60 tàbí kó rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má fi í sí 75. Kò ná yín ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí táǹkì omi gbígbóná bá wà nílé yín, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ bá yín ṣe é, nítorí omi inú táǹkì gbọ́dọ̀ máa dé 60.

Ní ti heat pump, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì yín. Ó gbóná, àbí? Ooru tó kó kúrò lára oúnjẹ ló dà síbẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni heat pump ń ṣe: ó ń kó ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta, ó ń dà á sínú omi tó ń lọ sí rédíétọ̀. Kódà afẹ́fẹ́ tó mú wa gbọ̀n ṣì ní ooru nínú. Nítorí pé ó ń kó ooru ni, tí kì í dá a ṣe, yúníìtì iná kan lè mú yúníìtì ooru mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kì í sábà gbóná tó ti bọ́ílà, bíi 50 tàbí kó rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù. Nítorí náà, ó ń fẹ́ rédíétọ̀ tó tóbi, ó ń fẹ́ àyè fún táǹkì omi gbígbóná, ó sì ń fẹ́ ilé tí ooru kò ti ń sá jáde.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ Ó

Ní oṣù Keje ọdún 2025, lábẹ́ òṣùwọ̀n iye tí ìjọba fi lélẹ̀, yúníìtì iná mànàmáná jẹ́ nǹkan bíi 25.7 pẹ́nì, ti gáàsì sì jẹ́ bíi 6.3 pẹ́nì. Iná lé díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin gáàsì nígbà náà. Iye yìí ń yí padà láti oṣù mẹ́ta sí oṣù mẹ́ta, ẹ fi tuntun sí i nígbà tí ẹ bá ń ṣe tiyín. Kí a ní ilé kékeré kan ń fẹ́ 8,000 yúníìtì ooru lọ́dún kan.

Rédíétọ̀ oníná: 8,000 yúníìtì iná, nǹkan bíi £2,060.

Bọ́ílà gáàsì tó ń lo ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì rẹ̀: bíi 8,890 yúníìtì, nǹkan bíi £560.

Heat pump tó ń mú ooru mẹ́ta wá fún iná kan: bíi 2,670 yúníìtì iná, nǹkan bíi £690. Bí ó bá dé mẹ́rin, yóò bọ́ sí bíi £515.

Ẹ wò ó dáadáa. Rédíétọ̀ tí wọ́n ní kì í ṣòfò ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlọ́po mẹ́rin owó lọ́wọ́ yín lọ́dọọdún. Ní ti gáàsì, ẹ rántí pé owó kan wà tí a ń san lójoojúmọ́ nítorí pé mítà rẹ̀ wà lára ògiri, yálà a lò ó tàbí a kò lò ó. Bíi 30 pẹ́nì ni nígbà náà, ó sì tó £109 lọ́dún. Bí ẹ bá gbé heat pump, tí ẹ sì ń fi iná dáná oúnjẹ, ẹ lè ní kí wọ́n yọ mítà gáàsì kúrò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín gáàsì àti heat pump fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn.

Owó tí a fi ń gbé e sílé ńkọ́? Bọ́ílà kò wọ́n tó heat pump. Heat pump pẹ̀lú rédíétọ̀ àti táǹkì sábà máa ń lé ní £10,000. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹwàá 2023 ni ìjọba ti ń fi £7,500 ran onílé lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, bí oníṣẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí MCS bá gbé e. Títí di oṣù Karùn-ún 2025, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé a kò lè gbé e sí ibi tí kò jìnnà tó mítà kan sí ààlà aládùúgbò láìgba ìwé àṣẹ, èyí tí ó ṣòro nínú àgbàlá ilé kékeré. Wọ́n ti mú ìdí yẹn kúrò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ariwo ṣì wà.

ỌDÚN MÉLÒÓ NI A Ó LÒ NÍBẸ̀?

Ìbéèrè tó kù kò sí lọ́wọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ. Àwa ọmọ Yorùbá nílẹ̀ òkèèrè ní àrùn kan: “Ọdún tó ń bọ̀ la ó lọ sílé.” Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni a ṣe ń ra ohun tí kò tọ́jọ́, tí à ń lo ẹ̀rọ àlòkù, tí ogún ọdún á fi kọjá lórí wa nínú yàrá tó tutù. Ẹ jókòó, kí ẹ sọ òótọ́ fún ara yín. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọdún méjì ni òun ó lò, tó sì ti ní páìpù gáàsì nílé, kó ra bọ́ílà tó dára, kó fi omi rẹ̀ sí ibi tó rẹlẹ̀. A kò ní dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọmọ dàgbà nínú ilé náà, kó fi ojú ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wò ó.

Ìdáhùn wa sí àwọn ará wa ní Leeds nìyí. Òwú orí àjà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Kí ọmọ má bàa tutù, ẹ ra rédíétọ̀ oníná olówó pọ́ọ́kú kan, ẹ lò ó nínú yàrá tí ẹ bá wà nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí inú ilé má rẹlẹ̀ ju 18 lọ nígbà òtútù. Ẹ má ra márùn-ún tí olùtajà ń tì sí yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pe oníṣẹ́ mẹ́ta, ẹ má sì gba iye kankan lọ́wọ́ ẹni tí kò wọn yàrá kọ̀ọ̀kan láti mọ iye ooru tó ń sọnù níbẹ̀. Nítorí pé ẹ ti sọ pé ẹ ó dúró, pé ẹnì kan máa ń wà nílé tọ̀sán-tòru, àti pé yàrá kékeré tí táǹkì omi àtijọ́ wà ṣì ṣófo lókè, heat pump ni a rò pé ó bá yín mu. Ooru jẹ́jẹ́ tí kì í kú ni ó ń fúnni, irú èyí tí ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án àti ọmọ ìkókó ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó wá wọn ilé bá fi hàn yín pé ògiri náà kò gbà á, ẹ padà sọ́dọ̀ bọ́ílà láìtijú.

OHUN TÍ KÒ ṢEÉ FI ṢERÉ

Gbogbo wa la mọ ìròyìn àwọn ìdílé tí jẹnẹrétọ̀ pa mọ́jú nílé. Carbon monoxide ni orúkọ afẹ́fẹ́ olóró náà. Kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Bọ́ílà tí kò jó dáadáa tàbí ihò èéfín tó dí ń tú u sínú ilé bákan náà, pàápàá nígbà tí a bá ti gbogbo fèrèsé pa. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí èébì ń gbé yín nínú ilé, ṣùgbọ́n tí ara yín ń yá bí ẹ bá jáde, ẹ má ṣe sọ pé ibà ni. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ pa gáàsì, ẹ jáde, ẹ pe 0800 111 999, kí ẹ sì rí dókítà. Ẹ má gbé ààrò èédú tí a fi ń sun sùyà wọ inú ilé láé nítorí òtútù.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan gáàsì ilé yín, ẹ béèrè káàdì Gas Safe lọ́wọ́ rẹ̀, ètò tó rọ́pò CORGI ní 2009. Ẹ má lo ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ tó ní òun mọ̀ ọ́n ṣe.

FÚN ÀWỌN AYÁLÉGBÉ

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ilé, ẹ̀tọ́ yín wà. Onílé gbọ́dọ̀ mú oníṣẹ́ wá yẹ gáàsì wò lọ́dọọdún, kó sì fún yín ní ẹ̀dà ìwé rẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá 2022, ó gbọ́dọ̀ fi agogo carbon monoxide sí yàrá tí bọ́ílà gáàsì bá wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé kan tún wà tó ń fi ipò ooru ilé hàn láti A dé G. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó san owó. Láti 2020, ilé tó bá rẹlẹ̀ ju E lọ kì í ṣe èyí tó yẹ kí a fi háyà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, àfi bí onílé bá ní ìwé ìyọ̀ǹda. Ẹ sì ṣọ́ra fún yàrá olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ pé ẹ̀rọ oníná kékeré nìkan ló wà níbẹ̀: èyí tó ń gba 2 yúníìtì ní wákàtí kan, bí ẹ bá tàn án fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ó lé ní £75 lóṣù ní iye ọdún 2025. Ẹ fi kún owó yàrá kí ẹ tó ní ó rọjú.

Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ yìí, tàbí tó ti gbé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí sílé, kó kọ̀wé sí wa kí gbogbo wa jọ gbọ́n. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ kú ìfaradà o. Òtútù yìí náà yóò kọjá.